Ìbéèrè Ọlọ́kọ̀: Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Dàgbà, àti Èyí Tí Wọ́n Pa Tì Sábẹ́ Máńgòrò

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí píkọ́ọ̀pù pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, kò sì yà wá lẹ́nu. Ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ẹni tó ní èyí tó ti lo ọdún 25 fẹ́ kó tún bá òun lo ọdún díẹ̀ sí i, ẹni tí kò ní sì ń fojú sí èyí tí aládùúgbò pa tì sẹ́yìnkùlé. A mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà. Ìdáhùn tó gùn jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìpatì, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣègbé jù.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Hilux tó ń lo epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì 22R, ni mo fi ń kó èlùbọ́ láti Òkè-Ògùn wá sí Bódìjà. Bó bá ti kó ẹrù tó sì ń gun òkè, abẹ́rẹ́ ìgbóná á máa lọ sókè. Mẹkáníìkì yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, ó ní kí n máa gbé kéègì omi dání. Ó rọlẹ̀ fún bí oṣù méjì, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. — Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà*

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá tẹmọ́sítáàtì padà síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé omi mọ́nú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná dé nǹkan bí 82 sí 88 lórí ìwọ̀n Celsius, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un lọ sí rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fi òtútù ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á máa jẹ epo, ọ́ìlì kò ní yọ́ bó ṣe yẹ, ríìngì tó yí písítìnnì ká á sì tètè jẹ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tẹmọ́sítáàtì yìí náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi gbígbóná á gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìkan rédíétọ̀ rárá. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi okùn so ó, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná kí wọ́n tó dè é. Kí omi náà tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti là. Èyí tí kò bá là, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ṣùgbọ́n a ò rò pé tẹmọ́sítáàtì ni àìsàn náà gan-an. Omi inú kéègì yẹn la fura sí. Omi kànga àti omi odò ní èròjà ilẹ̀ nínú. Ẹ wo ìdí ìkòkò tí ẹ fi ń se omi lójoojúmọ́, ẹ ó rí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹfun yẹn kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú rédíétọ̀, títí omi ò fi ní ríbi kọjá mọ́. Lọ́jọ́ tí kò sí ẹrù, kò ní hàn. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá wà lẹ́yìn tí ẹ sì ń gun òkè, ó di dandan kó hàn.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀. Ẹ wakọ̀ náà títí á fi gbóná, ẹ pa á, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn ò burú. Bí ẹ bá kan ibì kan láàárín tó tutù nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jó ọwọ́, ibẹ̀ ti dí. Bó bá jẹ́ rédíétọ̀ onídẹ ni, ẹ gbé e fún àwọn tó ń jó rédíétọ̀. Wọ́n á tú orí rẹ̀, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ gún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì jó o padà. Kí wọ́n má kàn fi omi gbígbóná ṣàn án, torí ẹfun tó ti pẹ́ kì í gbọ́ ti omi. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ ike, ó sàn kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, nǹkan bí lítà 8 ni gbogbo omi tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Ẹ da lítà 4 kúláǹtì sí i, àti lítà 4 omi distilled. Kúláǹtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa. Òun ni kì í jẹ́ kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ẹ pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí ni kí ẹ rà, nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ìdérí yìí ń ṣe ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100. Ó lè gbé e dé nǹkan bí 118. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ á jẹ́ kí omi hó lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo ìyókù.

Ó ku ẹyọ kan. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, ẹ ṣí ìdérí, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ wo ojú omi. Bí ó bá ń ho kùùkùù láìdúró bí ọbẹ̀ orí iná, atẹ́gùn inú sílíńdà ló ń wọnú omi, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má gbà kí wọ́n kàn fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ máṣììnì, kí wọ́n fi irin gbọnrangandan wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti tẹ̀ ju 0.15 mm lọ, kí wọ́n fá a. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, sípánà tó ń ka agbára ni kí wọ́n lò. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa yí i ká, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, títí gbogbo bóòtì á fi dé 78 Nm. Dídè pẹ̀lú agbára apá nìkan ló ń mú kí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tún jó láàárín oṣù mẹ́ta.

*Ọmọ yín ni mí, mo ń dáko ní ọ̀nà Mọ́níyà. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Hilux 22R tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún mẹ́rin. Ó ní bátìrì nìkan ló kù ú kù. Owó tó pè é ò pọ̀, ọkàn mi sì ti fà sí i. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? — Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́, Mọ́níyà*

Ọmọ wa, inú wa dùn pé o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ̀ tó ń pawó wọlé, kò sẹ́ni tí í torí bátìrì pa á tì fún ọdún mẹ́rin. Nǹkan mìíràn ló dá a dúró. Kí o tó débẹ̀ rárá, wá ẹni tó wà á kẹ́yìn tàbí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, kí o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀? Bó bá ní ó gbóná títí ó fi kú sọ́nà ni, tàbí pé nǹkan ń lù nínú ẹ́ńjìnnì, o ti mọ ohun tí o fẹ́ fowó rà.

Lọ láàárọ̀ tí ilẹ̀ gbẹ. Mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré, súkùdíráfà, àti ẹní tí o máa fi dùbúlẹ̀. Má tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sáré sí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì kọ́ ló ń pa ẹni tó ń ra ọkọ̀ ìpatì. Ẹ́ńjìnnì, gíà, pùròpélà, ọjà Aráròmí ní Gate kún fún wọn; bó ti wù kí wọ́n bàjẹ́ tó, owó ló máa yanjú rẹ̀. Ṣásí ò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, nọ́ńbà tó sì wà lára rẹ̀ ni ìwé ọkọ̀ ń tọ́ka sí. Ṣásí tí ìpẹtà bá ti jẹ, ọkọ̀ ọ̀hún ti tán, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tilẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́.

Fi òòlù máa lu irin ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí o sì fetí sí i. Irin tó ṣì lágbára á dún gbangan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún bọ̀kọ̀ bí igbá tó ti sán. Ibi tó bá dún bẹ́ẹ̀, fi súkùdíráfà gún un. Bó bá wọlé, dìde, kí bàbá náà pé ó dàárọ̀, kí o máa lọ sílé. Ibi mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ: ibi tí ṣásí ti tẹ̀ sókè láti gorí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn kọjá, ojú ibi tí wọ́n ti fi sípíríǹgì kọ́ ọn, àti irin ìdábùú tó wà lókè táyà àpòjù. Ti máńgòrò yìí tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ewé rẹ̀ máa ń já bọ́ sí àárín ilé awakọ̀ àti àpótí ẹrù, á jẹrà síbẹ̀, á sì máa fa omi òjò mọ́ra bí kànrìnkàn ní gbogbo ọdún. Ọwọ́ ni kí o fi ko ó kúrò, kí o wo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí kòtò tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ká rọ́gì inú ọkọ̀ sókè kí o wo ilẹ̀ rẹ̀. Bí o bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tí kò rìn fún ọdún mẹ́rin, bi ara rẹ pé ta ló kùn ún, àti nítorí kí ni.

Bí ṣásí bá yege, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wàyí. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì dúdú kò jẹ́ nǹkan kan. Èyí tó bá ti di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Má fi èyí pe ìkuuku funfun díẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ìyẹn lè jẹ́ ìrì lásán. Ti orí ọ̀pá ni ká sọ. Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà wọnú ọ́ìlì 22R. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́. Èkejì wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì yìí ju bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ṣe ń sọ lọ: ṣéènì tímíǹgì rẹ̀ ń rìn láàárín ike méjì. Bí ike bá dàgbà, á ṣẹ́, ṣéènì á máa gbọ̀n, á sì máa fi ara ha ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì títí á fi gún un dé ibi tí omi ń gbà. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń mi owó ẹyọ nínú agolo, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá ṣáná.

Ẹni tó ń tà á á fẹ́ gbé bátìrì wá, kó yí kọ́kọ́rọ́ kí o lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Láàárín ọdún mẹ́rin, gbogbo ọ́ìlì tó wà lára ògiri sílíńdà ti ṣàn wálẹ̀, ìpẹtà sì lè ti so ríìngì mọ́ irin. Bí sítátà bá fi agbára fà á, ríìngì á ṣẹ́ tàbí kó ha ògiri sílíńdà, ẹ́ńjìnnì tí ì bá yè á sì kú níṣojú ẹ̀yin méjèèjì. Bí bàbá bá gbà, ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì rẹ ṣe nìyí.

Kó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sàmì sí wáyà wọn, torí 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀ léra wọn. Kó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ìwọ̀n ṣíbí tíì méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, kó fi sípánà gígùn mú bóòtì pọ́lì iwájú, kó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì sí ọ̀tún ní odidi ìgbà méjì. Bí kò bá yí, kó má fi tipátipá ṣe é o. Kó tún da ọ́ìlì sí i, kó fún un ní ọjọ́ méjì sí i. Bó bá ti ń yí, kó ṣẹ́ ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kó fi fílítà tuntun sí i pẹ̀lú ọ́ìlì 20W-50 tó tó lítà 4.3. Kó ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ wò: ilé agbọ́n, ìtẹ́ eku, èèpo ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ la máa ń bá níbẹ̀, eku yẹn kan náà sì ti lè jẹ wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Epo inú tàǹkì ti bàjẹ́, òórùn rẹ̀ á dà bí ti ọ̀dà ìkunlé. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ dé kábúrétọ̀. Kó fi rọ́bà fa epo tuntun láti inú kéègì kékeré tó mọ́ sí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù epo.

Kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, kó fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì inú ọkọ̀ á fi kú. Ó di ìgbà yẹn kó tó dá púlọ́ọ̀gì padà kó sì ṣáná. Bó bá ṣiṣẹ́ tó sì gbóná, kó tún yọ púlọ́ọ̀gì, kó fi géèjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. 171 psi ni ti ẹ́ńjìnnì 22R tó pé. 142 ni ìsàlẹ̀ tó ṣì ṣeé gbà, ìyàtọ̀ àárín ọ̀kan sí èkejì ò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí ọ̀kan bá kéré, kó da ṣíbí ọ́ìlì kan sí i kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Bó bá sì jẹ́ pé méjì tó fara kanra ni ó lọọlẹ̀ pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ti já. Wo èéfín náà. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná tó sì dáwọ́ dúró, rọ́bà fáàfù ni, kò wọ́n. Èyí tó ń rú búlúù ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ tọ́tù, ríìngì ni.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, o kò gbọdọ̀ wà á lọ sílé. Gbé e sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Omi búréèkì ọdún mẹ́rin ti fa omi mọ́ra, písítìnnì inú wíìlì sílíńdà ti lè gan mọ́ ara rẹ̀, họ́ọ̀sì rọ́bà ti sán, o ò sì lè fojú rí èyíkéyìí nínú wọn. Má gbọ́kàn lé táyà rẹ̀ bó bá tilẹ̀ ní eyín. Wá DOT lára rẹ̀, kí o ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017. Táyà tó ti wà lójú kan nínú oòrùn fún ọdún mẹ́rin, tó sì ti dàgbà ṣáájú ìyẹn, á bẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí o bá ń ra òmíràn, èyí tí wọ́n kọ C sí lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni kí o rà, bíi 195R14C. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ò lè gbé ẹrù oko.

Ní ti owó, pín gbogbo ohun tí o ní sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí iye tí bàbá ń pè bá ju ìdá méjì lọ, má rà á. Ìdá kan tó kù ni táyà, búréèkì, rédíétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti bátìrì máa jẹ, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Ọ̀dọ́ tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ríra, ọkọ̀ náà á kàn kúrò lábẹ́ máńgòrò bàbá lọ sábẹ́ ìṣin tirẹ̀ ni.

*Wọ́n fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma tòkunbọ̀ ọdún 1999 fún mi. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — Oníbéèrè, Challenge*

Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yìí sì máa ń jẹ ṣásí. Ti Tacoma le tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní 2008, Toyota fún Tacoma 1995 sí 2000 ní Amẹ́ríkà ní ìdánilójú ọdún 15 lórí ìpẹtà ṣásí, wọ́n sì ń ra èyí tó ti bàjẹ́ jù padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ọdún 15 yẹn ti tán tipẹ́. Ní 2016, wọ́n tún ṣe àdéhùn ní kóòtù lórí Tacoma 2005 sí 2010. Torí náà, 1999 tí ẹ dárúkọ yẹn wà láàárín àwọn ti 1995 sí 2000 gan-an.

Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Ṣásí náà ní ihò kéékèèké lábẹ́ tí omi ń gbà jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, omi oníyọ̀ á jókòó sínú. Ẹ ti wáyà tó le bọ inú ihò wọ̀nyẹn, kí ẹ ha á. Bí èèpo ìpẹtà bá ń jáde wá bí èèpo igi, ọ̀dà dídán yẹn ni wọ́n fi bò ó. Ẹ fi òòlù lù ú bí a ṣe sọ lókè yìí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín.

*Píkọ́ọ̀pù mi ń kó símẹ́ǹtì lọ sí Lálúpọn. Mo fi ewé sípíríǹgì méjì kún ẹ̀yìn kó má baà máa jókòó. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá tẹ búréèkì, iwájú ló ń mú, ọkọ̀ á forí balẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ṣúù ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. — Awakọ̀, Ìwó Road*

Ẹ̀gbọ́n, ṣúù kọ́. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, ẹ ó rí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ọ̀pá táyà ẹ̀yìn mọ́ fáàfù kékeré lára ṣásí. Fáàfù yẹn ló ń wo bí ẹ̀yìn ṣe jókòó tó, kó lè mọ iye agbára búréèkì tí yóò fún táyà ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá wà, ẹ̀yìn á jókòó, fáàfù á sì ṣí dáadáa. Bí kò bá sí ẹrù, ẹ̀yìn á ga, fáàfù á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má baà gan kí ọkọ̀ fì. Ewé méjì tí ẹ fi kún un ti gbé ẹ̀yìn sókè. Símẹ́ǹtì wà lórí rẹ̀, fáàfù sì rò pé ọkọ̀ ṣófo. Ẹ yọ ewé méjèèjì, ẹ fi sípíríǹgì tuntun rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀ tó ti rẹ̀, kí ẹ sì dín ẹrù kù sí ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń dí fáàfù náà pa. A bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ọkọ̀ ṣófo, ẹ̀yìn á ṣáájú iwájú.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo orí ilé gíà ẹ̀yìn, ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ọ́ìlì inú rẹ̀ á wá ọ̀nà gba ojú síìlì sórí ṣúù, ṣúù ò sì ní mú mọ́. Ó lè jẹ́ ìdí tí ẹ fi ń pààrọ̀ ṣúù léraléra. Ẹ fọ ìdérí náà, kí ẹ rí i pé ó ń yí lọ́wọ́.

Omi búréèkì, ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Irú omi búréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí di 205 Celsius. Èyí tó ti fa omi mọ́ra lè hó ní 140. Bó bá hó, ẹ ó tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀ láìrí nǹkan kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó tàbí Òkè Ààrẹ pẹ̀lú ẹrù, gíà kejì ni kí ẹ ti wọ̀ láti òkè. Ẹ má dúró dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

*Ọ́ìlì wo ló dára fún ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́, ìgbà wo ni kí n sì máa ṣẹ́ ẹ? — Láti Apata*

20W-50 ni fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àtijọ́ nínú ooru wa, ní 5,000 kìlómítà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà oko eléruku ni ẹ ń rìn jù, ẹ ṣẹ́ ẹ ní 3,000, pẹ̀lú fílítà rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ gún ike ọ́ìlì tí ẹ bá lò tán kí ẹ tó jù ú nù, torí àwọn tó ń rọ ayédèrú ọ́ìlì sínú rẹ̀ ń ṣa á. Ẹ má gbàgbé gíríìsì fún jọ́íńtì pùròpélà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́ ọ́ìlì. Ọ́ìlì gíà ọwọ́ ni èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára ike rẹ̀, ti gíà ẹ̀yìn ni èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí. Kí wọ́n má dà wọ́n pọ̀, nítorí GL-5 lè jẹ idẹ inú gíà ọwọ́.

*Hilux onídíísù, ẹ́ńjìnnì 2L. Iná kan tí wọ́n kọ T-BELT sí ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ ń rìn dáadáa, ṣé kí n fi í sílẹ̀? — Láti Ọmí-Adió*

Rárá o. Bẹ́líìtì tímíǹgì ló ń sọ̀rọ̀. Ní 100,000 kìlómítà ni iná náà máa ń tàn, bẹ́líìtì yìí kì í sì í ṣe àmì kankan kó tó já. Lọ́jọ́ tó bá já, fáàfù àti písítìnnì á pàdé, ẹ ó sì tú gbogbo orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì àti pọ́lì tó ń fà á le lọ́sẹ̀ yìí. Bí omi bá ń jò níwájú ẹ́ńjìnnì, ẹ wo pọ́ọ̀ǹpù omi pẹ̀lú kí wọ́n tó dè é. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ ti rà á tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, iná tàn o, iná ò tàn o, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì yìí tètè máa ń sán bó bá gbóná jù, nítorí náà, ohun tí a sọ fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kàn yín pẹ̀lú.

*Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù gbàǹjo. Ìwé wo ni kí n gbà? — Láti Olúńdé*

Ìwé gbàǹjo tó ní òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ tó tà á, ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Lára Hilux, ẹ ó rí nọ́ńbà ṣásí tí wọ́n tẹ̀ sára irin níwájú, lápá ọ̀tún, nítòsí táyà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ ka á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ti inú ìwé. Bí ojú irin náà bá pẹlẹbẹ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bí ibi tí wọ́n fi fáìlì ha, tàbí tí àmì wẹ́dà yí i ká, ẹ má rà á. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ gba ìwé tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú, torí nọ́ńbà rẹ̀ ò ní bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé ó wà lórúkọ ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.